"A Dáwó" tàbí "Wọ́n Gé E"? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìtọrẹ Ọdún Láàrin Àwọn Òṣìṣẹ́

Bí ọ̀rọ̀ ìtọrẹ bá délẹ̀ láàrin àwa tí a ń kọ́ Yorùbá, ibi tí a sábà máa ń gbà ni oríkì àwọn ọlọ́lá, tàbí ọ̀rọ̀ ahun nínú àlọ́ ìjàpá. Èmi kò ní gba ibẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: ta lọ́rẹ, dáwó, àti gé owó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbọ́ èyí tí òṣìṣẹ́ kan mú lò, o ti mọ ohun tí ó wà ní ikùn rẹ̀.

Ní òpin ọdún 2023, nígbà tí a wà ní ìsinmi, mo lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣírò owó oṣù ni wọ́n fi mí sí. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n máa ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ 118 jáde ketekete, kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí oṣù Disẹ́ńbà ti wọlé, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé náà wí pé gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé-iṣẹ́ náà, wọn yóò gbé oúnjẹ ọdún lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan tí kò jìnnà sí àdúgbò wa, àti pé ₦1,500 ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi kún un.

Àwọn tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì pé jọ sọ́dọ̀ súpáfáísọ̀ wọn, mo sì wà níbẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn báyìí: "Wọ́n ní kí á dáwó fún àwọn ọmọ aláìníyàá." Kò sí ẹni tí ó bínú. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ó ti yẹ kí àwọn ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n rò pé ẹnì kan yóò gbé ìwé kiri, wọn yóò sì máa kọ orúkọ. Wọ́n dúró títí, wọn kò rí agbowó. Nígbà tí owó oṣù dé, olúkúlùkù rí i nínú ìwé owó oṣù rẹ̀ pé ₦1,500 ti lọ. Láti ọjọ́ náà títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tún pè é ní dídá. Gbogbo wọn ni wọ́n ń wí pé, "Wọ́n gé e."

Kí ni ó yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu wọn? Owó kan náà ni, àwọn ọmọ kan náà ni yóò jẹ ẹ́. Mo padà sí gírámà tí a kọ́ ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Ọ̀gá ta àwọn ọmọ náà lọ́rẹ.
(2) A dáwó fún àwọn ọmọ náà.
(3) Wọ́n gé owó wa fún àwọn ọmọ náà.

Nínú (1), ẹni tí ó fúnni wà níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹni tí ó gbà sì tẹ̀lé e gbọ̀ngbọ̀n gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Ojú kan ojú. Ọwọ́ kan ni ó ń nà, ọwọ́ kan ni ó ń gbà. (Ọrẹ ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó da ohùn méjèèjì pọ̀ nínú ìdánwò, tí ó fi ojú ewé kan ààbọ̀ ṣàlàyé bí a ṣe ń yan ọ̀rẹ́.) Ẹnì kan ṣoṣo tó láti ta ènìyàn lọ́rẹ, ọba lè ṣe é, tálákà náà lè ṣe é bí ó bá ní.

Dáwó kò rí bẹ́ẹ̀. Dá àti owó ni ó pàdé, dá kan náà tí a ń lò nínú dá èésú àti dá àjọ. Bí mo bá wí fún ọ pé, "Mo dáwó lánàá," ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ jáde ni pé, "Ẹ̀yin ta ni?" Ọ̀rọ̀ náà ti gbé àwọn ẹlòmíràn pamọ́ sínú. Ó tún gbé ohun kejì pamọ́ tí ó ju ti ìṣáájú lọ, òun náà ni ìmọ̀ àti ìfẹ́ ẹni tí ó dá a. Ẹ wo èyí:

(4) *A dáwó fún àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n a kò mọ̀.
(5) Wọ́n gé owó wa fún àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n a kò mọ̀.

Mo fi gbólóhùn (4) lọ àwọn àgbàlagbà mẹ́fà ní ilé-iṣẹ́ náà. Márùn-ún rẹ́rìn-ín, ẹnì kẹfà bi mí bóyá mo ti jẹun. Kò sí ẹni tí ó lè dáwó láìmọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn (5) dán mọ́rán. Wọn kò tilẹ̀ rí ohun tí mo ń bi wọ́n sí. Ìdí nìyí tí súpáfáísọ̀ kò fi purọ́ nígbà tí ó wí pé "kí á dáwó", tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì fi di irọ́ ní ọjọ́ tí owó oṣù dé. Ohun tí ó túmọ̀ ni ohun tí ó rò pé ọmọlúàbí yóò ṣe. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe ni nǹkan mìíràn.

Ẹ tún kíyè sí "wọ́n" tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ (3). A kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ yìí lè dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì lè dúró fún àgbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ó ní iṣẹ́ kẹta: a máa ń lò ó nígbà tí a kò mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan, tàbí tí a mọ̀ ọ́n tí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. "Wọ́n ti jí i gbé." "Wọ́n ti mú iná lọ." Iṣẹ́ kẹta yìí ni ó ń ṣe nínú "wọ́n gé e". Mo bi ẹnì kan pé, "Ta ni wọ́n?" Ó na ọwọ́ sókè sí ọ́fíìsì òkè, kò sì fọhùn. Òun gan-an ni ó ní owó náà, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn tirẹ̀ kò sí níbi tí olùwà ń jókòó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ já mi nírọ́ lè wí pé ìbínú owó lásán ni, pé bí a bá ti yọ owó nínú owó oṣù ènìyàn, dandan ni kí ó wí pé wọ́n gé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé owó oṣù kan náà, ní òkè ₦1,500 yìí gan-an, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni ó ń yọ ọ́, kọ̀ǹpútà kan náà, ọjọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu òṣìṣẹ́ kankan pé wọ́n gé owó alájẹṣẹ́kù òun. "Mo san owó alájẹṣẹ́kù" ni wọ́n ń wí. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé nígbà tí wọ́n wọ ẹgbẹ́, wọ́n ní ìwé kékeré tí wọ́n fi ń ka ohun tí wọ́n ní, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n lè yáwó. Òfin tí a ń pè ní Labour Act náà, ní abala karùn-ún rẹ̀, kò gbàgbé ìyọ̀ǹda òṣìṣẹ́ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí irú owó ẹgbẹ́ tí agbanisíṣẹ́ lè yọ.

Ohun tí alájẹṣẹ́kù jogún kì í ṣe tuntun. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé èésú: iye owó tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ọjọ́ tí a dá, ibi tí a ń pé sí, olórí tí ń gbà á, àti bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń kan olúkúlùkù ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ó ní òun ni ó ń jẹ́ kí tálákà lè ṣe ohun tí ó tóbi. Nínú èésú náà ni mo ti rí ohun tí ìwé orí pátákó gbàgbé. Ẹni tí ó bá lágbára lè mú ọwọ́ méjì, àwọn méjì tí kò lágbára sì lè pín ọwọ́ kan. Ní ilé-iṣẹ́ wa, ₦1,500 ni ti ọ̀gá, ₦1,500 náà ni ti ẹni tí ń gbálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ₦1,500 ti rí lójú ẹni tí ń gbálẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀ nígbà náà ni ₦30,000. Láti 2019 ni ó ti wà bẹ́ẹ̀. Oṣù Júláì 2024 ni ó tó di ₦70,000. Ní ọjọ́ 29 oṣù Méè 2023, Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 sì kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún tó parí, ó ti kọjá ₦600. Ìyá àgbàlagbà kan wà láàrin àwọn tí ń gbálẹ̀, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. ₦30,000 náà gan-an ni Màmá ń gbà. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́, méjì ni wọ́n ń wọ̀ padà sílé. Wọ́n ṣírò ₦1,500 náà fún mi lórí ìka: owó ọkọ̀ ọjọ́ méjì ni. Wọ́n wá ní, "Bí wọ́n bá bi mí ni, ọmọ mi, ǹ bá mú ẹgbẹ̀ta náírà wá. Ǹ bá sì fi ẹ̀rín mú un wá."

Èmi náà bá wọn lọ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé oúnjẹ náà lọ, Màmá sì wà lára àwọn tí wọ́n mú lọ láti bá wọn sọ ẹrù kalẹ̀. Àpò ìrẹsì méjì ni, páálí Indomie mẹ́jọ, òróró, àti ọṣẹ. Wọ́n ta aṣọ gbàgàdà kan tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lára rẹ̀ sí iwájú ilé náà, wọ́n kó àwọn ọmọ jọ sí ìdí rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò. Ìyá tí ń tọ́jú àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún ọ̀gá àgbà pé àpò rẹ̀ kò ní gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni (3) ṣe di (1) ní ojú mi. Owó tí "wọ́n gé" ní òwúrọ̀ ti di ohun tí "ọ̀gá ta wọ́n lọ́rẹ" ní ọ̀sán, (2) tí ó yẹ kí ó wà láàrin wọn kò sì wáyé rárá. N kò wí pé ilé-iṣẹ́ náà kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ọkọ̀ àti epo tí a fi gbé ẹrù, tiwọn ni. Nígbà tí a ń lọ, ìyá náà yíjú sí àwa tí a ru ẹrù. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin náà wà nínú àwọn tí ó ta wá lọ́rẹ?" Màmá ní, "Wọ́n gé tèmi mọ́ ọn, ìyá mi." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àdúrà ti parí nígbà náà.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àìfẹ́ fúnni ni ó ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí wọ́n ti fúnni ní ọdún kan náà yẹn. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Júùnù ní 2023. Àwọn ọkùnrin méje nídìí ẹ̀rọ, Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, dáwó ra màlúù kan. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fi àyè gba ènìyàn méje láti pín màlúù kan pa. N kò tíì débẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ju ẹni mẹ́ta lọ tí ó fi ìdùnnú ròyìn rẹ̀ fún mi, tí Kìrìsìtẹ́nì sì wà nínú wọn: ẹran dé ọ̀dọ̀ àwọn mégàádì, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbálẹ̀, ó dé ilé àwọn tálákà tí ó yí ilé-iṣẹ́ náà ká. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́: "A dáwó ra màlúù, a fi ṣe sàráà." Olùwà kò sọnù. Sàráà, ọ̀rọ̀ tí èdè Lárúbáwá ni orísun rẹ̀, ti di tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kì í kírun ń ṣe é.

Ní ti ọdún Kérésìmesì, ohun tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Disẹ́ńbà tí a ń sinmi fún, Boxing Day, ọjọ́ tí ọ̀gá máa ń fún ọmọ-ọ̀dọ̀ àti òṣìṣẹ́ ní ẹ̀bùn láyé àtijọ́ ni ní ilẹ̀ wọn. Ní 1871 ni òfin sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi fún àwọn báńkì ibẹ̀. Láti òkè ni ẹ̀bùn ti ń wá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé fún mi pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ń ti inú owó oṣù tọrẹ. Láti 1987 ni ìjọba wọn ti fi ètò náà lélẹ̀, tí a ń yọ owó náà kí a tó yọ owó orí. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i, òun ni yóò yan ẹgbẹ́ aláàánú tí ó fẹ́, òun ni yóò sì dá iye rẹ̀. Mo fetí sílẹ̀ dáradára sí ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọn yóò lò. Wọ́n ní, "Mo ní kí wọ́n máa yọ pọ́n-ùn márùn-ún." "Wọ́n" wà níbẹ̀, "yọ" náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "mo ní kí" ti ṣíwájú wọn. Gbólóhùn kékeré yẹn, òun ni ìwé orí pátákó wa kò ní.

Nígbà tí mo ka apá kan àpilẹ̀kọ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ó ní, "Ọmọ kì í jẹ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ìrẹsì ni ọmọ ń jẹ." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó di dandan kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, bí kò tilẹ̀ gbè mí tán.

Ní oṣù Disẹ́ńbà 2024, mo padà lọ kí wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tọ ọ́fíìsì òkè lọ, wọ́n bi wọ́n ní ìwé tí àwọn fọwọ́ sí ní ọdún tí ó kọjá. Ìwé kò sí. Àwọn ọ̀gá kò bá wọn jà. Wọ́n ní bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n gbà á fúnra wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ yan agbowó méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ́n ra ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì ń gbé e kiri ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Kò sí iye tí wọ́n dá fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó mú ₦200 wá wà níbẹ̀, ẹni tí ó mú ₦5,000 wá náà wà níbẹ̀. Ẹni 97 ni ó dáwó. ₦83,400 ni gbogbo rẹ̀.

Ní 2023, ₦177,000 ni wọ́n gé. Èyí tí wọ́n fínnúfíndọ̀ dá kò tó ìdajì rẹ̀, ọjà sì ti gbówó lórí sí i. Àpò ìrẹsì kan odindi kò ṣeé rà. Ààbọ̀ àpò ni wọ́n rà, wọ́n fi ẹ̀wà àti ọṣẹ kún un. Bí a bá fi ojú ìkòkò wò ó, àwọn ọmọ náà pàdánù. N kò ní fi gírámà bo èyí mọ́lẹ̀. Ohun tí mo lè wí ni pé nígbà tí àwọn agbowó méjì náà gbé e lọ, wọn kò ta aṣọ kankan. Ìyá tí ń tọ́jú àwọn ọmọ bèèrè ẹni tí àwọn yóò gbàdúrà fún, wọ́n sì na ìwé náà sí wọn. Wọ́n ka orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà lọ. Mo gbọ́ pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kéékèèké ti sùn lọ. Mo sì gbọ́ pé méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé láti bá wọn tún páìpù omi ṣe, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ní 2023. Bóyá iṣẹ́ páìpù tó àpò ìrẹsì kan ààbọ̀ tí ó dín, kí ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ ọrọ̀-ajé bá wa ṣírò rẹ̀.

Mo bẹ agbowó obìnrin náà kí ó jẹ́ kí n wo ìwé náà. Ní òkè ojú ewé kìíní, wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́: ÀWỌN TÍ Ó DÁWÓ. Màmá wà ní ìlà kọkànlá, ₦600. Lẹ́yìn ìlà 97, orúkọ mẹ́rin tún wà nísàlẹ̀ tí kò ní iye owó ní iwájú. Mo bi í pé àwọn wo nìyí. Ó ní àwọn tí kò ní ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n ka ìwé náà kí orúkọ àwọn má sí níbẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Ní ibi tí ó yẹ kí iye owó wà, wọ́n kọ "àdúrà" sí iwájú mẹ́ta. Ní iwájú ẹnì kẹrin, wọ́n kọ "yóò ru ẹrù".